Dẹ́ẹ̀kì Ìgékoríko àti Ohun Ìtúlẹ̀ Katakata Kékeré: Àkọsílẹ̀ Àtúnṣe láti Owódé Onírin dé Ládípọ̀

Irin méjì ló wà nínú àkọsílẹ̀ yìí. Èkíní ni dẹ́ẹ̀kì ìgékoríko oníbíléèdì mẹ́ta, ìyẹn agbada irin tó dojú délẹ̀ tí wọ́n ń gbé kọ́ abẹ́ katakata kékeré; ó ń gé ínǹṣì 38 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èkejì ni ohun ìtúlẹ̀ ẹlẹ́nu kan tó ń la poro tó fẹ̀ tó ínǹṣì 10. Inú òkìtì irin ní Owódé Onírin, ọjà irin àlòkù ní Èkó, ni méjèèjì ti jáde. Katakata tó ni wọ́n kò bá wọn wá, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń rí: ẹ́ńjìnnì ló ń kọ́kọ́ rí oníbàárà, ohun tí wọ́n ń so mọ́ ọn ló ń kù sílẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin fún yíyọ́.

Orúkọ kò ra nǹkan ní Ládípọ̀

International Harvester gbé Cub Cadet jáde fún ọdún 1961 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Kohler tó ní agbára ẹṣin 7. John Deere gbé 110 tirẹ̀ jáde ní 1963. Wheel Horse ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ṣáájú àwọn méjèèjì. Nígbà tó yá, Cub Cadet bọ́ sọ́wọ́ MTD ní 1981, Toro sì ra Wheel Horse ní 1986. Ẹni tó bá ń wá irú ẹrù yìí nínú òkìtì, kó fi ọ̀bẹ ha abẹ́ ìpáàrà díẹ̀ níbi tí oòrùn kò dé, lábẹ́ ibi tí bóòtì ti dì mọ́ra. Pupa sábà máa ń jẹ́ Wheel Horse, àwọ̀ ewé jẹ́ John Deere, àwọ̀ ìyeyè pẹ̀lú funfun jẹ́ Cub Cadet ìgbà International Harvester. Àwọ̀ ìyeyè la bá lábẹ́ bírákẹ́ẹ̀tì tiwa.

Ìmọ̀ yìí dùn ún ní, ṣùgbọ́n ibi tó wúlò mọ kò jìnnà. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ oníbẹ́árìn ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó, tí o ní o ń wá bẹ́árìn Cub Cadet, á wò ọ́ láti òkè délẹ̀. Bí o bá ní 6204 onírọ́bà méjèèjì lò ń wá, kó o tó parí ọ̀rọ̀ ó ti nawọ́ sí i. Bẹ́árìn, bẹ́líìtì, bóòtì, níbú gírísì (ẹnu kékeré tí gírísì ń gbà wọlé), gbogbo wọn ló ní ìwọ̀n tí gbogbo ayé mọ̀. Nítorí náà kálípà, ohun tí a fi ń wọn irin, ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yìí, kì í ṣe súpánà.

Ohun tí a wò kí owó tó jáde lọ́wọ́

Kílò ni wọ́n fi ń ta irin ní Owódé. Ẹni tó bá lọ sọ níbẹ̀ pé ohun àtijọ́ tí àwọn òyìnbó ń wá kiri ni, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbówó lé e. Irin ni, o fẹ́ fi ṣe nǹkan, ó parí.

Ìpáàrà ojú agbada kò gbọ́dọ̀ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, nítorí pẹ́lẹ́ẹ̀tì ni, a lè gé e kúrò ká fi òmíràn sí i. Ilé bẹ́árìn ni kí a tẹjú mọ́. Irin dídà ni wọ́n fi ṣe é, bí ó bá sì ti là láti ibi bóòtì dé etí ihò, iṣẹ́ ti pọ̀ nìyẹn. Fi òòlù kékeré kàn án: èyí tó pé máa ń dún gooro, èyí tó là máa ń dún pọ̀pọ̀. Lẹ́yìn náà, di orí ṣáàfù kọ̀ọ̀kan mú kí o yí i. Kó dì kò burú. Kó máa jó lọ jó bọ̀ bí o ti ń yí i ló burú, torí ṣáàfù ti tẹ̀ nìyẹn. Tiwa: méjì dì pa, ẹ̀kẹta ń yí ṣùgbọ́n ó ń mì. Kò sí ilé bẹ́árìn tó là. Bíléèdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jẹ tán, a kò kà wọ́n mọ́ ohun tí a rà.

Wíwọ̀n kí a tó tú

Kí súpánà tó kan bóòtì kankan, ya fọ́tò ibi gbogbo, pàápàá bí bẹ́líìtì ṣe gba ara púlì kọjá àti ẹ̀gbẹ́ tí ètè púlì kọ sí. Lẹ́yìn náà, wọn gíga láti ojú agbada dé àárín ihò púlì kọ̀ọ̀kan. Bí púlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá wà ní gíga kan náà lẹ́yìn àtúnṣe, bẹ́líìtì á máa yí ara rẹ̀ dà nínú ihò, á sì máa fò kúrò. Ẹni tí kò kọ gíga yẹn sílẹ̀ á máa dá bẹ́líìtì lẹ́bi. Tiwa jẹ́ mìlímítà 64 lórí méjì, 66 lórí èyí tó ń mì. Mìlímítà méjì yẹn ló sọ fún wa pé wáṣà kan ti wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti ibẹ̀.

Títú

Lákọ̀ọ́kọ́, fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ojú òwú bóòtì. Lẹ́yìn náà, po ọ́ìlì gíà ọtomátíìkì pọ̀ mọ́ acetone, ìdajì sí ìdajì, kí o máa kán an sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Acetone máa ń fò lọ, nítorí náà pò ó níwọ̀nba, mì í kí o tó lò ó, má sì gbé e sí ibi tí iná wà. Bóòtì tó bá ṣì lágídí, iná ni kó lọ síbẹ̀, kí a sì darí ẹnu iná sí nọ́ọ̀tì, kì í ṣe sí bóòtì, torí nọ́ọ̀tì la fẹ́ kó wú. Bó bá ti pọ́n díẹ̀, gbé iná kúrò, fi àbẹ́là kan etí rẹ̀ kí ìda yọ́ wọlé, kí o sì yí i síwájú díẹ̀ kí o tó yí i padà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wẹ́dà ti ń ba nǹkan jẹ́ rèé: wọ́n á gbé iná lé ilé bẹ́árìn tí ọ̀nà rẹ̀ ṣì dí. Gírísì tó há sínú rẹ̀ á hó, bẹ́árìn lè bẹ́ jáde lójijì. Yọ ìdérí rẹ̀ tàbí níbú gírísì kí atẹ́gùn lè rí ọ̀nà.

Bóòtì tó kán sínú ihò, a kò fi ṣísù gbẹ́ ẹ. A gbé nọ́ọ̀tì tó tóbi jù ú lọ lé e lórí, a jó àárín rẹ̀ pọ̀ mọ́ kùkùté bóòtì náà, a jẹ́ kó tutù, a sì fi súpánà yí i. Ooru iná ìjórin yẹn gan-an ló ń tú u. Súpánà kàn ń parí iṣẹ́ ni. Bí nọ́ọ̀tì bá já, tún un ṣe. Ó máa ń gbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ìyẹn kò ní kí a wá gbé dírìlì.

Bẹ́árìn: ibi tí iṣẹ́ wà

A tú ilé bẹ́árìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bẹ́árìn méjì ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, òkè kan, ìsàlẹ̀ kan, páìpù kúkúrú kan sì wà láàárín wọn. Níta, bẹ́árìn náà jẹ́ mìlímítà 40, ó nípọn 12. Ẹni tó bá mọ bẹ́árìn á ti pariwo 6203. Dúró ná. 6203 tí gbogbo ayé mọ̀ ní ihò mìlímítà 17. Ṣáàfù tiwa wọn 15.87, ìyẹn ínǹṣì 5/8. Bẹ́árìn irú èyí ní àmì 6203-10 lára: 10 yẹn túmọ̀ sí ìdá mẹ́wàá nínú ìdá mẹ́rìndínlógún ínǹṣì. Lọ́nà kan náà, 6204-12 ní ihò ínǹṣì 3/4. Níta, kò sí bí ojú ṣe lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí 6203 àti 6204 lásán.

Àìmọ èyí ló ń pa ọ̀pọ̀ dẹ́ẹ̀kì tòkunbọ̀. Mẹkáníìkì á ra 6203 lásán, á rí i pé ó ń ṣeré lórí ṣáàfù, á gé agolo mílíìkì wé e. Á yí dáadáa lọ́jọ́ kìíní. Lẹ́yìn náà agolo á jẹ, ihò á máa yí lára ṣáàfù, ooru á dé, gírísì á yọ́ dà nù. Inú ilé kan nínú mẹ́ta tiwa la ti bá irú pẹlẹbẹ agolo bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń mì yẹn ni.

Ọ̀nà méjì ló wà. Bí 6203-10 tó dára bá wà, rà á, kí ṣáàfù dúró bó ṣe wà. Bí kò bá sí, fi 6203 lásán sí i kí o sì jẹ́ kí tọ́nà (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin) yọ ṣáàfù tuntun tí ìjókòó bẹ́árìn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 17 gan-an. Èyí èkejì la yàn, torí pé ṣáàfù méjì ti jẹ kọjá ohun tí a lè lò, àti pé lọ́jọ́ mìíràn tí bẹ́árìn bá tún kú, ẹnikẹ́ni lè rí 6203 rà ní kọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn. Irin ṣáàfù ẹsẹ̀ ọkọ̀ àlòkù ni tọ́nà lò. Ó le ju ọ̀pá irin ìkọ́lé lọ dáadáa. Ọ̀pá ìkọ́lé kò gbọ́dọ̀ wọ inú iṣẹ́ yìí rárá, torí á tẹ̀ nígbà tí bíléèdì bá kọ́kọ́ kan òkúta.

Sọ fún tọ́nà ní kedere ohun tí o fẹ́: ṣáàfù kò gbọ́dọ̀ kéré ju 17.00 lọ, kò sì gbọ́dọ̀ ju 17.01 lọ. Bí o bá ní “ṣe é kó wọ̀”, á ṣe é kó wọ̀ ní tòótọ́, pẹ̀lú ọwọ́ lásán, ohun tí a kò fẹ́ gan-an nìyẹn.

Páìpù àárín yẹn, ẹni púpọ̀ ń sọ ọ́ nù nítorí pé kò jọ nǹkan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí òrùka inú bẹ́árìn òkè àti ti ìsàlẹ̀ fẹ̀yìn ti ara wọn nígbà tí nọ́ọ̀tì bá ń fún wọn. Bí kò bá sí níbẹ̀, tàbí bó bá kúrú, bí o ti ń fún nọ́ọ̀tì ni o ń ti àwọn bọ́ọ̀lù inú bẹ́árìn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bẹ́árìn tuntun á wá máa gbóná, ariwo á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wọn. Wọn ìjìnnà àárín ìjókòó bẹ́árìn méjèèjì nínú ilé, kí páìpù sì gùn jù ú lọ ní ìwọ̀n mìlímítà 0.1 sí 0.2. Tiwa jẹ́ 46.0 nínú ilé, a gé páìpù sí 46.15, a sì fi léèdì, ẹ̀rọ tọ́nà, tẹ́ ojú méjèèjì kí wọ́n bára wọn dọ́gba.

Ilé bẹ́árìn kan ti fẹ̀ sí 40.18 láti ibi tí bẹ́árìn ti ń yí nínú rẹ̀. Àṣà tí wọ́n ń lò ni pé kí wọ́n fi pọ́ǹṣì lu ojú ihò náà kí ó lè wú. Orí ṣóńṣó irin wẹ́wẹ́ ni bẹ́árìn á wá jókòó lé, wọ́n á sì tẹ́ láàárín ìgbà díẹ̀. Bí àyè náà kò bá ju mìlímítà 0.25 lọ, gọ́ọ̀mù Loctite 638 á dí i, bí ojú irin bá mọ́ tónítóní tí a fi acetone nù ún. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí tọ́nà fẹ̀ ẹ́ síwájú sí i kó sì gún bọ́ọ̀ṣì irin sínú rẹ̀. Gọ́ọ̀mù la lò.

Ní ti ríra bẹ́árìn: gba èyí tó ní 2RS, rọ́bà méjèèjì. Àmì ZZ túmọ̀ sí pẹlẹbẹ irin, omi àti eérú koríko á gbà á kọjá. Ayédèrú pọ̀. Fi òwú tí o ti rì bọ tíńà nu nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀; èyí tí wọ́n tẹ̀ síta lásán á parẹ́. Wọn ìta rẹ̀: bẹ́árìn gidi tó jẹ́ 40 kì í ju 40.00 lọ, ó sì lè dín ní ìwọ̀n tín-ín-rín tí kálípà lásán kò ní rí. Èyí tó bá wọn 39.9, dá a padà.

Nígbà tí o bá ń gún un, ìta bẹ́árìn ni kí o tẹ̀ bó bá ń wọ ilé, òrùka inú ni kí o tẹ̀ bó bá ń wọ ṣáàfù. Bí o bá lu èyí tí kò yẹ, ojú ọ̀nà bọ́ọ̀lù á ní kòtò kó tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ilé tó ní níbú gírísì, kí rọ́bà bẹ́árìn tó kọjú sínú jáde kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gírísì tí o ń fún kò ní dé ibi kankan.

Òwú ínǹṣì, òwú mìlímítà

Ọmọ ìyá tó ń bára wọn jà ni bóòtì ínǹṣì 5/16 àti M8. Èkíní nípọn mìlímítà 7.94, òwú 18 ló wà nínú ínǹṣì kan. Èkejì nípọn 8, òwú rẹ̀ fi 1.25 jìnnà síra. Nọ́ọ̀tì M8 á wọ orí bóòtì 5/16 díẹ̀, á sì há. Ọmọṣẹ́ tó bá fi súpánà gígùn fà á síwájú ti ba méjèèjì jẹ́. 3/8 àti M10 náà kì í ṣe ọ̀kan. Ohun tí a ṣe: gbogbo bóòtì tó ń gba inú ihò gbalasa kọjá, a yí wọn sí mìlímítà, èyí tí àmì agbára rẹ̀ jẹ́ 8.8, nọ́ọ̀tì náà bákan náà. Ibi tí òwú ti wà nínú irin dídà fúnra rẹ̀ la fi sílẹ̀ ní ínǹṣì, a sì fọ àwọn bóòtì àtijọ́ lò ó. Ilà mẹ́ta lórí bóòtì Amẹ́ríkà túmọ̀ sí Grade 5, mẹ́fà jẹ́ Grade 8. Èyí tí kò ní ilà kankan kò gbọ́dọ̀ di bíléèdì mú.

Níbú gírísì àtijọ́ jẹ́ 1/4-28. Èyí tó kún Ládípọ̀ ni M6×1, ó sì kéré jù fún ihò náà díẹ̀. A fi dírìlì 7 fẹ ihò, a gé òwú M8×1 sí i. Kí ẹ fi gírísì àti àkísà dí inú ilé kí ẹ tó gbẹ́ ẹ, kí èérún irin má bàa wọlé.

Agbada

Ìpáàrà ti jẹ agbada náà ní ibi méjì: ẹ̀gbẹ́ tí koríko ń gbà jáde, àti àyíká ihò ṣáàfù àárín. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 2.7 níbi tó ṣì dára. A ra àjákù pẹ́lẹ́ẹ̀tì mìlímítà 3 ní Owódé. Gé gbogbo ibi tó ti fẹ́lẹ́ títí o fi kan irin tó ń dán. Ẹni tó bá jó pẹ́lẹ́ẹ̀tì tuntun lé irin tó ti fẹ́lẹ́, etí ìjórin ni á tún ti já. Kí igun àbùlẹ̀ rí róbótó, torí igun mímú ni ìlà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Electrode gauge 12 la lò, iná ìwọ̀n 70 sí 80 amps. Jó ìwọ̀n mìlímítà 25, fò lọ sí òdìkejì, jó 25 mìíràn, kí o sì dúró kó tutù. Wẹ́dà tó bá fẹ́ parí iṣẹ́ kíákíá á jó o láti orí dé ìdí lẹ́ẹ̀kan, agbada á sì ká kò. Kí ló burú níbẹ̀? Ṣáàfù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní nàró lọ́nà kan náà mọ́, ojú koríko á wá rí jágajàga. Lẹ́yìn ìjórin a gbé ọ̀pá irin títọ́ lé ibi ìjókòó ilé bẹ́árìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: àárín lọ sílẹ̀ ní mìlímítà 1. A fi òrùka pẹ́lẹ́ẹ̀tì kún ojú òde rẹ̀, èyí tó tún mú kí ihò àárín le sí i.

Iná mànàmáná àti omi sódà fún ìpáàrà

Ilé bẹ́árìn, bírákẹ́ẹ̀tì àti ìkọ́ wẹ́wẹ́ kò yẹ kí a máa fi girándà lé ìpáàrà wọn, torí girándà ń jẹ irin pẹ̀lú. Ohun tí a fi fọ̀ wọ́n nìyí: dúrọ́ọ̀mù ike búlúù tí wọ́n gé lórí, omi lítà 60, sódà áàṣì gíráàmù 250. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń rà á ní ọjà kẹ́míkà Ojota. Kì í ṣe sódà kọ́sítíìkì rárá, èyí tó lè bọ́ ara èèyàn. Ẹ ka ara àpò kí ẹ tó gbé e. Iyọ̀ kò gbọ́dọ̀ rọ́pò rẹ̀, torí gáàsì chlorine ni yóò máa tú jáde.

Fi ọ̀pá ìkọ́lé mìlímítà 12 mẹ́rin yí etí dúrọ́ọ̀mù ká, so gbogbo wọn pọ̀ mọ́ wáyà pọ́sítíìfù ṣájà bátìrì 12V. Irin tí o fẹ́ fọ̀ wà láàárín, lórí wáyà nẹ́gétíìfù, kò gbọ́dọ̀ fara kan ọ̀pá. Bí o bá yí wáyà padà, irin rẹ gan-an ni yóò máa jẹ. Má fi sítéǹlẹ́ẹ̀sì ṣe ọ̀pá: chromium inú rẹ̀ ń sọ omi di májèlé. Má fi púlì aluminium sínú omi yìí, yóò jẹ ẹ́. Sípíríǹgì náà kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, ó lè mú kó máa kán. Hydrogen ló ń hó lójú omi, nítorí náà ìta gbangba ni kó wà, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí, kí ẹ sì pa ṣájà kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ṣájà ìgbàlódé tó gbọ́n jù máa ń kọ̀ láti ṣiṣẹ́ bí kò bá rí bátìrì. Èyí tí àwọn tó ń ṣájì bátìrì létí títì ń lò, tó wúwo, tí kò mọ nǹkan kan, ló dára jù. Amps 4 sí 6 tó. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ má sáré yọ irin: omi sódà kì í jẹ́ kó tètè dógùn-ún. Ìgbà tó bá jáde ni kí ẹ sáré. Nínú oṣù Keje, ìpáàrà pupa á ti bẹ̀rẹ̀ kí omi tó gbẹ tán lára rẹ̀. Fọ̀ ọ́, nù ún, fi iná tàbí oòrùn gbẹ ẹ́, fi phosphoric acid tí a ti bù là pa á, kí ọ̀dà sì tẹ̀ lé e lọ́jọ́ náà.

Púlì àti bẹ́líìtì

Púlì kan ti ya. Níbi tí ìwọ̀n ti ń di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìyí. Púlì ẹ́ńjìnnì jẹ́ ínǹṣì 5, ti dẹ́ẹ̀kì jẹ́ 4. Ẹ́ńjìnnì ń yí ní 3,600 ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà bíléèdì ń yí ní 4,500. Bíléèdì ínǹṣì 13¼ tó ń yí báyìí, ẹnu rẹ̀ ń sáré tó ẹsẹ̀ bàtà 15,600 ní ìṣẹ́jú kan. Àlà tí ìlànà ààbò Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ ni 19,000. Bí o bá rí púlì ínǹṣì 3 tó rẹwà tó sì pọ́ọ́kú, tí o fi gbogbo rẹ̀ pààrọ̀, bíléèdì á bọ́ sí 6,000, ẹnu rẹ̀ á sì kọjá 20,800. Bíléèdì tó bá já ní irú eré bẹ́ẹ̀ kì í wo ojú ẹni. Ínǹṣì 4 la fi pààrọ̀ ínǹṣì 4.

Bẹ́líìtì àtijọ́ kò ní nọ́ńbà mọ́. A fi okùn tí kì í nà gba ọ̀nà púlì gbogbo: ínǹṣì 68 lójú òde. Ẹnu ìhò púlì gba bẹ́líìtì tó fẹ̀ tó ínǹṣì ½. Nọ́ńbà mẹ́ta ni ìwọ̀n kan ṣoṣo yìí lè máa jẹ́ lọ́jà: 4L680, tí wọ́n fi ìta wọ̀n, A66, tí wọ́n fi inú wọ̀n, torí inú bẹ́líìtì A fi nǹkan bí ínǹṣì 2 dín sí ìta, àti 13×1725 La, nọ́ńbà bẹ́líìtì ọkọ̀. Èyí ẹ̀yìn yìí ló pọ̀ jù ní Ládípọ̀, òun gan-an la kò gbọ́dọ̀ rà. Etí bẹ́líìtì ọkọ̀ ṣí sílẹ̀, rọ́bà rẹ̀ ń gbá púlì mú. Bẹ́líìtì dẹ́ẹ̀kì gbọ́dọ̀ lè yọ̀ nígbà tí a bá ń fi í sílẹ̀ tí a tún ń mú un, ìdí nìyí tí wọ́n fi aṣọ wé e yípo. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ ata ni kí ẹ lọ. Bẹ́líìtì A àti B aláṣọ ni wọ́n ń tà látọjọ́ pípẹ́, A66 sì wà níbẹ̀.

Bíléèdì

Tuntun la rà. Gígùn láti igun ẹnu kan dé igun ẹnu kejì, ìwọ̀n ihò àárín, àti bí àárín ṣe lọ sílẹ̀ sí ẹnu: nǹkan mẹ́ta yẹn ni kí ẹ gbé lọ sọ́jà. Ẹni tó bá ní kí wẹ́dà fi irin kún ẹnu bíléèdì tó ti jẹ ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣeré, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó gé bíléèdì láti ara sípíríǹgì lọ́rì. Irin sípíríǹgì le, ṣùgbọ́n bó bá kan òkúta ní irú eré yẹn ó lè fọ́ sí wẹ́wẹ́ dípò kó tẹ̀.

Pọ́n ẹnu rẹ̀ sí nǹkan bí dígíríì 30, kó má mú bí abẹ. Gbé ihò àárín kọ́ ìṣó tó dúró gbọọrọ lára ògiri. Ẹ̀gbẹ́ tó bá rẹ̀ sílẹ̀ ni kí o tún pọ́n, ní orí ẹnu, má ṣe kan apá tó gbé sókè lẹ́yìn tó ń fẹ́ koríko. Bíléèdì tí kò dọ́gba ló ń pa bẹ́árìn tí a ti ń lépa látàárọ̀.

Ọ̀dà

Réẹ̀dì ọ́sáìdì lásán kò tó fún inú agbada. Páráímà epoxy oníkòkò méjì la fi sí inú àti ìta, lẹ́yìn náà ọ̀dà ọkọ̀ tí oníṣẹ́ àwọ̀ pò gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ abẹ́ bírákẹ́ẹ̀tì yẹn. Ohun tó ń ba ọ̀dà jẹ́ ní Èkó ni ọ̀rinrin: bí ó bá kọjá ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ gbé ìbọn ọ̀dà sílẹ̀. Ní àsìkò òjò, àárọ̀ kì í dára. Ẹ dúró dìgbà tí oòrùn bá ti mú irin náà lọ́wọ́ọ́wọ́. Ọyẹ́ gbẹ jù lọ, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ ń bá ọ̀dà sùn. A kò fi ọ̀dà títì dúdú sí abẹ́ agbada gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Koríko tútù ń lẹ̀ mọ́ ọn, omi sì ń há sẹ́yìn rẹ̀.

Ohun ìtúlẹ̀

Èyí kò pẹ́. Ìyẹ́ tó ń dojú ilẹ̀ dé ṣì dára, ẹnu tó ń gún ilẹ̀ ló ti jẹ tán. Níbí, sípíríǹgì lọ́rì ló yẹ, torí ilẹ̀ ló ń gbà, kì í sáré. Alágbẹ̀dẹ lu ẹnu tuntun láti ara rẹ̀, ó rì í bọ ọ́ìlì nígbà tó pọ́n, ó sì tún mú un lọ́wọ́ọ́wọ́ títí ojú rẹ̀ tó ti dán fi bẹ̀rẹ̀ sí í di búlúù, kí líle rẹ̀ má bàa di kíkán. Ṣóńṣó ẹnu gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju ìdí lọ ní nǹkan bíi mìlímítà 5 nígbà tí a bá gbé e lé ilẹ̀ títẹ́jú. Àyè yẹn ló ń fà á wọ ilẹ̀. Bí kò bá sí, ohun ìtúlẹ̀ á máa sáré lójú ilẹ̀, wọ́n á sì máa gbé òkúta lé e lórí.

Bóòtì ẹnu rẹ̀ ní orí tó rì sínú irin, ọrùn rẹ̀ sì ní igun mẹ́rin. Èyí tí wọ́n ń tà fún ojú gírédà jọ ọ́ ṣùgbọ́n ó tóbi jù. A fi M10 olórí rírì rọ́pò rẹ̀, a fi fáìlì ṣí ihò sí 10.5. Ìyẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ ní ọ̀dà: pọ́n ọn dán, fi gírísì pa á, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ amọ̀ á máa lẹ̀ mọ́ ọn.

Dídán wò

Bí gbogbo rẹ̀ ti pé, a fi ọwọ́ yí ṣáàfù kọ̀ọ̀kan: ó gbọ́dọ̀ yí jẹ́jẹ́ láìsí ariwo, kò sì gbọ́dọ̀ mì lọ sókè sódò. A gbé e kọ́ abẹ́ katakata, iwájú dẹ́ẹ̀kì lọ sílẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ ní mìlímítà 5, ọ̀tún àti òsì dọ́gba. Ìgbà àkọ́kọ́ tí bẹ́líìtì mú un, ẹ́ńjìnnì kò ju ìdajì eré lọ, kò sì sí ẹnikẹ́ni ní ẹ̀gbẹ́ tí koríko ń gbà jáde. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí a pa á, a fi ọwọ́ kan ilé bẹ́árìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Méjì lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ̀kẹta gbóná ju èyí tí ọwọ́ lè gbà lọ.

A tú u. Páìpù àárín rẹ̀ wọn 46.15. Ti ilé mìíràn ni tọ́nà gé sí i, ilé yẹn kò sì bá àwọn méjì yòókù dọ́gba: 46.2 ni tirẹ̀. A gé páìpù tuntun sí 46.35, a pààrọ̀ bẹ́árìn méjèèjì tó ti gbóná, torí gírísì inú wọn ti yọ́, a sì fi pọ́ǹṣì kékeré kọ ìwọ̀n páìpù sí ara ilé kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn wákàtí méjì nínú koríko tútù, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gbóná ju ara wọn lọ. Bẹ́líìtì tuntun ti nà díẹ̀. A sún púlì ìfàlẹ̀, èyí tó ń mú bẹ́líìtì le, síwájú, a sì tún fún bóòtì bíléèdì.